Ojú irin rélùwéè kékeré tó ń dúdú padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Mo ra rélùwéè kékeré OO (ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtéènì) àlòkù fún àwọn ọmọ, a sì tò ó sórí pátákó nínú àjà ilé. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó bá a wá kì í rìn dáadáa. Á rìn díẹ̀, á ta gìrì, á dúró, àfi kí n fi ìka tì í. Mo fi sánpépà ha irin náà títí tó fi ń dán, mo tún fi isopropyl, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, nù ún. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, ó tún ti dúdú. Ẹni tó ń ta nǹkan wọ̀nyí ní kí n ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ kọntirólà (àpótí tó ń rán iná sí irin), pé iná ni yóò máa fi fọ irin fún mi. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n kúkú ju gbogbo ẹ̀ nù?

Ìdáhùn: Ẹ má ju nǹkan kan nù o, ẹ má sì tíì ra ẹ̀rọ kankan. Sánpépà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jìnnà. Òun ló fà á tí ìdọ̀tí fi ń tètè padà. Ohun kejì tó ń dá a padà ni ibi tí ẹ kò tíì fọ̀ rárá, ìyẹn ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níbì kan lórí pátákó yín, ìdọ̀tí kọ́ ló ń dá ẹ́ńjìnnì yẹn dúró páàpáà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Iná tó ń wa ẹ́ńjìnnì náà kò ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wọlé ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan orí irin. Volt 12 ni kọntirólà DC lásán (iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo) ń gbé jáde bí ẹ bá yí i dé òpin, ibi tí ẹsẹ̀ àti irin sì ti pàdé kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá fò díẹ̀ tàbí tí eruku há sáàárín, iná á ta pàrà níbẹ̀. Ẹ pa iná àjà yín lálẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ, ẹ ó rí i lábẹ́ rẹ̀ tí iná kéékèèké ń ṣẹ́jú búlúù-búlúù. Gbogbo ìgbà tó bá ta pàrà ló ń jó bíńtín lára irin. Èyí tó jó yẹn á pò mọ́ òróró tó ń jò láti inú gíà, á pò mọ́ eruku àti fọ́nrán aṣọ, á pò mọ́ ohun tó ń ha kúrò lára àwọn ẹsẹ̀ oníke. Àpòpọ̀ yìí ni dúdú tí ẹ ń rí. Kì í jẹ́ kí iná kọjá, torí náà iná á tún máa ta pàrà sí i, dúdú á sì máa pọ̀ sí i. Bó ṣe ń bí ara rẹ̀ nìyẹn.

Wàyí o, ẹ ní irin náà ń dán lẹ́yìn tí ẹ fi sánpépà ha á. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dídán yàtọ̀ sí jíjọ̀lọ̀. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ fi wo orí irin yẹn dáadáa: ebè àti poro ni ẹ ó bá níbẹ̀, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Orí ebè nìkan ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, nítorí náà ibi tí iná ń gbà kọjá ti dín kù, ìtapàrà sì ti pọ̀ sí i. Inú poro ni dúdú ń kó sí, aṣọ ìnulẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fi sánpépà ha á tó ni ẹ ń la ilé fún ìdọ̀tí tó. Rọ́bà líle tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, irú PL-41 ti Peco, yanrìn wà nínú òun náà, àmọ́ tirẹ̀ rọjú díẹ̀. Mo ní ọ̀kan. Ibi tí gúlúù tàbí ọ̀dà bá gbẹ sórí irin nìkan ni mo máa ń mú un lò, n kì í fi ṣe ìfọṣọ ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ní ti irin ìfọkòkò, ẹ má jẹ́ kó gun òkè àjà yẹn láéláé. Fọ́nrán rẹ̀ á já sórí irin, òòfà inú mọ́tò á fà á wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì kú.

Nígbà tó jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan kí ẹ tó fọ ohunkóhun. Ẹ yọ òòfà kan lára fíríìjì, kí ẹ fi kan irin náà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Irin tí wọ́n ń lò lóde òní, tí wọ́n ń pè ní nickel silver, kò ní fàdákà kankan nínú. Bàbà, sínkì àti nickel ni wọ́n pò pọ̀, òòfà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òòfà bá lẹ̀ pẹ́kí, irin lásán ni, irú èyí tó pọ̀ nínú àpótí rélùwéè àwọn ọmọdé láyé àtijọ́. Yóò dógùn-ún nínú àjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tutù tó sì ń làágùn, kò sí fífọ̀ tó lè yí ìyẹn padà. Ẹ yọ gbogbo èyí tí òòfà bá lẹ̀ mọ́, kí ẹ fi nickel silver àlòkù dípò rẹ̀. Kì í wọ́n ní ọjà àwọn tó ń ta ẹrù rélùwéè àtijọ́. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ra nínú àpótí kan náà, bó ṣe sábà máa ń rí, òòfà yẹn á dá ẹjọ́ náà fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe lérò lọ. Ẹ gé bébà pélébé-pélébé, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbi tó bá ti dúró, kí ẹ jẹ́ kó yípo títí. Bó bá jẹ́ pé ibi gbogbo ló ti ń dúró, lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún, ìdọ̀tí ni. Bó bá jẹ́ pé ibì kan náà ni bébà ń jọ sí, ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn. Ibi tó sì ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni oríta, ibi tí ojú irin ti yà sọ́nà méjì. Nínú ọ̀pọ̀ oríta, àárín ibi tí irin méjì ti dábùú ara wọn jẹ́ ike, iná kì í dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ á fi ẹsẹ̀ méjì fo ike náà, àwọn tó kù á máa gba iná wọlé. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ní kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà lórí ike, tí ìdọ̀tí bá wà lábẹ́ ìkejì tí wọ́n jọ wà lápá kan náà, ó parí. Ẹ lè fi ìwọ̀n wákàtí kan fọ ibẹ̀, kò ní yí padà. Kí ẹ tẹ kọntirólà sí i díẹ̀ kó lè fò ó kọjá ni àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ojútùú gidi ni kí ẹ fi oríta tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin, tí ó sì ń gba iná, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òdìkejì pátákó, níbi tó jìnnà jù sí wáyà kọntirólà, ni ọkọ̀ ti ń rẹ̀ẹ́, àwọn irin pẹlẹbẹ kékeré tó so irin kan mọ́ ìkejì ni kí ẹ fura sí. Inú wọn máa ń dúdú bí orí irin ṣe ń dúdú, iná á sì máa kú díẹ̀díẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú mítà àwọn oníná, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn, kí ẹ wọn volt nítòsí ibi tí wáyà ti wọlé, kí ẹ wá wọn ti òdìkejì. Bí ó bá fi volt kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, kì í ṣe aṣọ ìnulẹ̀ lẹ nílò. Ẹ fi òjé lẹ wáyà kejì mọ́ irin lódìkejì yẹn, kí ẹ gbé e padà síbi kọntirólà, apá ọ̀tún sí ọ̀tún, apá òsì sí òsì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń lẹ wáyà mọ́ gbogbo ègé irin wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé oríkèé kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá fọ̀ ọ́ báyìí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kọntirólà kúrò lára ògiri ná. Ẹ fẹ́ gba ohun tí sánpépà ti bàjẹ́ padà, ẹ sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá wọ́ṣà stainless kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, tí etí rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ fi pẹlẹbẹ rẹ̀ lélẹ̀ sórí irin, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ kò ha nǹkan kan kúrò o, ẹ̀ ń tẹ ebè wọnú poro ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: níbẹ̀rẹ̀ yóò máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, tó bá yá á dákẹ́, wọ́ṣà á máa yọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣe é láyé irin yẹn, bí ẹ kò bá tún gbé sánpépà dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ti ohun olómi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bìrìtéènì ń lo isopropyl bíi tiyín, n kò sì ní bá ẹni tó tẹ́ lọ́rùn jà. Àmọ́ èmi kì í lò ó lórí irin mọ́, ìdí rẹ̀ sì rèé. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní òǹkà kan tí wọ́n fi ń sọ bí agbára iná ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ohun olómi: omi tó bí 80, acetone bí 21, isopropyl bí 18, kẹrosíìnì àti white spirit (èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà) kò ju bí 2 lọ. Àlàyé tó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé àwọn tí òǹkà wọn ga máa ń fi ìṣẹ́kù sílẹ̀ lórí irin, èyí tó ń ran ìtapàrà lọ́wọ́, àwọn tí tiwọn kéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ gba àlàyé náà gbọ́ tàbí ẹ kò gbà á gbọ́, ẹ dán an wò: ẹ fi isopropyl nu apá kan, kí ẹ fi white spirit nu apá kejì, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan náà máa yípo lórí méjèèjì, kí ẹ wá fi aṣọ funfun nu ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ yẹn yóò sọ fún yín.

Ẹ lè rí white spirit rà níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ọ̀dà. Ẹ da díẹ̀ sára aṣọ òwú tí kì í yọ fọ́nrán, fáníìlà àgbàlagbà dára. Díẹ̀ ni mo wí: aṣọ kí ó rin, kò gbọdọ̀ kán. Ẹ wé e mọ́ ìka, kí ẹ nu orí irin àti etí rẹ̀ tó kọjú sínú, torí etí inú yẹn náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń fara nù lójú kọ́nà. Ẹ máa yí aṣọ náà sí ibi tó mọ́. Bí kò bá dúdú mọ́, ẹ ti dé òpin. Ẹ má jẹ́ kó kan ara ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kun o, á fọ ọ̀dà náà pẹ̀lú. Acetone ńkọ́? Rárá o, yóò yọ́ ike.

Ohun tó ń gbiná ni white spirit, àjà kò sì ní fèrèsé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àjà sílẹ̀, ẹ má gbé iná padà sí i títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ sì sá àwọn aṣọ náà sí ìta kí ẹ tó sọ wọ́n sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí nílé, kẹrosíìnì á ṣe iṣẹ́ kan náà, ìyẹn bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ti rà á. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú aburú tí kẹrosíìnì tí wọ́n fi bẹntiróòlù lú ti ṣe, mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan gbé irú rẹ̀ sítòsí ohun tó ń ta pàrà.

Ìgbà yìí lẹ wá ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irin mímọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin kì í mọ́ ju bí ọkọ̀ ṣe máa yípo ìwọ̀nba lọ. Ẹ dojú ẹ́ńjìnnì náà délẹ̀ lórí tìmùtìmù. Ẹ wo ara ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tó máa ń kan irin. Ẹ ó rí òrùka dúdú kan tó yí i po, ó máa ń nípọn nígbà mìíràn débi pé igi ìtayín á hú u bí èépá. Àwọn ẹsẹ̀ tí mọ́tò ń yí, ẹ má ha wọ́n nígbà tí wọ́n dúró sójú kan, torí ẹgbẹ́ kan ni ẹ máa fọ̀. Ẹ tẹ́ tíṣù ìdáná sórí irin, kí ẹ fi white spirit rin ín, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà kí ẹsẹ̀ méjì wà lórí tíṣù, kí méjì wà lórí irin. Ẹ dúró kó gbẹ ná, kó kù bí ohun tó nínini lásán. Ẹ wá tan kọntirólà díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ di ọkọ̀ náà mú kó má lọ. Àwọn ẹsẹ̀ tó wà lórí irin yóò máa gba iná, àwọn tó wà lórí tíṣù yóò máa yí lójú kan, ẹ ó sì rí ilà dúdú méjì tí wọ́n ń fà sórí tíṣù. Ẹ sún tíṣù síbi tó mọ́, kí ẹ tún un ṣe, títí ilà náà kò fi ní hàn mọ́. Ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì padà, kí ẹ ṣe ti ẹsẹ̀ tó kù.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wé mọ́ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó má bàa máa yọ̀. White spirit máa ń mú rọ́bà wú. Bí ti yín bá ní i, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fọ ẹsẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba iná wọlé rárá, ẹ sì lè wá fi ojú ara yín ka iye ẹsẹ̀ tó kù fún iṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń fara kàn án láti gba iná. Òwú ìnu-etí ni kí ẹ fi fọ òun, kí ẹ sì rí i pé ó ń kan ẹsẹ̀ lóòótọ́. Fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì máa ń lọ́ mọ́ ibẹ̀ gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ti ń fi ṣeré.

Àwọn wágọ́ọ̀nù ńkọ́? Àwọn gan-an ni olórí ọ̀daràn. Wọn kì í gba iná, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ránti wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kó dúdú káàkiri. Bí ẹsẹ̀ wọn bá jẹ́ ike, ẹ tọ́jú owó díẹ̀ kí ẹ pààrọ̀ wọn sí onírin díẹ̀díẹ̀, torí ìdọ̀tí fẹ́ràn ike. Owó tí ẹ bá ná sí èyí sàn ju owó ẹ̀rọ ìfọ̀ kankan lọ.

Kí ó má bàa tètè padà, ẹ dín òróró kù. Ẹ̀kán kan sí ibi tó yẹ ti tó. Èyí tó bá ṣẹ́kù, orí irin ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn déédéé, torí irin tí kò sí ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ló máa ń tètè ṣú. Ẹ ra aṣọ fífẹ̀ kan, kí ẹ máa fi bo pátákó nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eléyìí ní Ìbàdàn, ọyẹ́ ni ọ̀tá tirẹ̀. Ti yín ni fọ́nrán fibreglass tí wọ́n tẹ́ sínú àjà kí ilé má bàa tutù. Ẹ sì lè ní kí àwọn ọmọ bá yín ṣe wágọ́ọ̀nù afọ̀: ẹ gé hardboard (pátákó tín-ínrín) kékeré, kí ẹ so ó rọ̀ sábẹ́ wágọ́ọ̀nù kan kí ó máa fi ojú rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka wọ́ lórí irin, kí ẹ́ńjìnnì tó lágbára máa fà á. John Allen, ará Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré kì í yé dárúkọ rẹ̀ títí di òní, ló sọ ọgbọ́n yìí di olókìkí. Ẹ máa nu ojú hardboard náà nígbàkigbà tó bá dúdú. Àwọn kan tún máa ń fi graphite, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù 6B, pa etí inú irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á jù, ọkọ̀ á máa yọ̀ níbi tí ojú irin bá ti ń gòkè, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ ń fọ irin. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, Network Rail, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ojú irin níbẹ̀, náà ń rán ọkọ̀ jáde kiri gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi omi tí agbára rẹ̀ tó 1,500 bar fọ orí irin ńlá. Ewé tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́ irin máa ń mú ẹsẹ̀ yọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dí iná lọ́wọ́ láti ti ara irin kan gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjá sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń darí ìrìnnà fi ń mọ̀ níbi púpọ̀ pé ọkọ̀ wà lójú irin. Wàhálà yín nínú àjà àti ti wọn jọ ń ṣe mọ̀lẹ́bí.

Ó wá ku ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ rà. Kì í ṣe jìbìtì. Irú rẹ̀ wà lọ́jà tipẹ́, Relco àti HF-1 ti Gaugemaster ni wọ́n mọ̀ jù. Bí ìdọ̀tí bá gé iná, á rán iná mìíràn tó ń gbọ̀n kíákíá jáde, èyí tó lè fo àlàfo náà tí yóò sì jó ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìtapàrà ló bí dúdú, ẹ̀rọ yìí náà sì ń ta pàrà. Yóò mú ọkọ̀ rìn lónìí, kò ní fọ ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Bí ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn bá ṣì ń kọsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè rà á. DC nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ bá gbé ẹ́ńjìnnì DCC tirẹ̀ (irú èyí tí ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ń gba àṣẹ láti ara irin) wá fi ṣeré, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára wáyà pátápátá kí ó tó gbé e sórí irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jó ẹ̀rọ kékeré inú ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.